Mítà ń bọ̀ lọ́la: ta ló máa jókòó de àwọn NẸ́PÀ?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Màríìnà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń kúrò nílé, bí mo bá sì tètè dé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni. Mo ti sanwó mítà láti oṣù tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pè mí pé àwọn ń bọ̀ lọ́la, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ọjọ́ kẹrin tí mo gba ibi iṣẹ́ lọ ni wọ́n wá, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà ò sí nílé. Ọ̀gá mi ti ń fi ojú ọ̀lẹ wò mí. Ṣé kí n tún jókòó dè wọ́n ni, àbí kí n fi mítà sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ tó ń fún mi lówó iná?"

* * *

"Oníbàárà ò sí nílé." Àbúrò mi, gbólóhùn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jọ ẹkún. Èmi náà ti kà á rí, lára ègé bébà kan tí wọ́n ká há sábẹ́ àgádágodo géètì mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Báírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Òjò ti pa á díẹ̀, àmọ́ aago tó wà níbẹ̀ ṣì hàn ketekete: 11:20 àárọ̀, Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kí n dúró. Mo sì dúró! Láti aago méje àárọ̀ ni mo ti gbé àga síwájú ilé, títí wọ́n fi pe ìrun mògàríbì. Ojú mi ń pọ́n mi láti wẹ̀, n ò wọ balùwẹ̀, kí wọ́n má lọ kan géètì nígbà tí ọṣẹ bá wà lójú mi.

Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, owó rẹ̀ á sì pé. Ọ́fíìsì mìíràn ń fúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ mẹ́fà gééréé, "ọ̀la" mẹ́ta ti jẹ ìdajì rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò rìnrìn àjò, kò lọ wo ìyá rẹ̀, kò tiẹ̀ sùn. Ẹnu géètì ló jókòó sí.

Èsì tèmi ò gùn: má jókòó dè wọ́n mọ́, má sì fi mítà sílẹ̀. Ìyókù, ẹ jẹ́ ká jọ fà á.

* * *

Ẹnì kan nínú ẹ̀yin tó ń dá sí ìbéèrè yìí ti sáré sọ pé kí ó gbàgbé wọn, kí ó ra sólà. Owó sólà dà? Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin kó lè bá èrò àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀, ẹ ní kó lọ ra bátìrì.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tí kì í sí nílé gan-an ni mítà yẹ jù. Kì í lo iná. Fìríìjì rẹ̀ nìkan ló ń dá ṣeré láti ìdájí di alẹ́. Bí kò bá ní mítà, bíìlì àfojúbù ni wọn yóò máa já lé e lọ́wọ́, ẹni tó sì ń kọ bíìlì náà ò mọ̀ bóyá ó wà nílé tàbí kò sí. Lóòótọ́, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, fi gbèdéke lé àfojúbù lọ́dún 2020, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń gbà á bóyá ara tù wọ́n. Nígbà tó wá di ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, dé náírà 225 lórí yúníìtì kan. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń sùn lórí àfojúbù ládùúgbò bẹ́ẹ̀, ó ní láyà.

Nítorí náà, ẹni tí ì bá jàǹfààní mítà jù ló ṣòro fún jù láti rí i gbà. Kì í sí nílé lo iná, kò sì sí nílé kí wọ́n lè so ohun tó máa jẹ́rìí pé kò lò ó.

* * *

Mo ti ka èsì yín. Ọ̀nà mẹ́ta lẹ pín sí.

Àwọn kan ní Sátidé. Mo gbà pé wọ́n máa ń wá ní Sátidé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé mítà kọ́ ara ògiri àti ẹni tó ń fi nọ́ńbà mítà náà sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni kejì sì lè má ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Wọ́n so ti obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa ní Sátidé, inú rẹ̀ dùn, ó fún wọn ní mínírà. Wọ́n ti gé wáyà àtijọ́ kí wọ́n tó lọ. Nígbà tí yúníìtì díẹ̀ tó bá mítà wá tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ra káàdì, ẹ̀rọ ní òun ò mọ nọ́ńbà yìí rí. Inú òkùnkùn ló wà títí di ọ̀sán Mọ́ńdè. Ẹja tó dín fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ajá àdúgbò ló jẹ ẹ́.

Àwọn kejì ní kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ ará ilé. Ibí yìí ni mo wà, àmọ́ kì í ṣe bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni wọ́n nílò. Ìta ni iṣẹ́ wọn pọ̀ sí: òpó, ògiri, wáyà tó ti ojú òpó wọlé. Èèyàn ni wọ́n nílò, ẹni tó máa ṣí géètì, tó máa fi ibi tí wáyà gbà hàn wọ́n, tó máa gba kíípáàdì kékeré tí a fi ń tẹ nọ́ńbà káàdì, tó máa fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó bá gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ́wọ́, tí kò sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí fún un, ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ lásán.

Àwọn kẹta, àwọn ni wọ́n pọ̀ jù, wọ́n ní, "Fún wọn ní nǹkan, wàá rí wọn." Ẹ fi ti èyí sílẹ̀ ná, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.

* * *

Mo dé.

Èmi náà ti fún wọn ní nǹkan rí. N ò ní purọ́. Ọkùnrin kan pè mí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ó ní "ìyá wa, ọkọ̀ wa ò lépo, ẹ kàn fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kí á lè kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín." Mo fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà yẹn ò wọlé mọ́ títí di òní olónìí. N ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ wọn ni tàbí ẹnì kan tó rí orúkọ mi lórí ìwé. Látìgbà náà, owó mítà kì í gba ọwọ́ èèyàn kọjá nílé mi, inú àkáǹtì ilé iṣẹ́ ló ń lọ, kí n sì gba rìsíìtì. Owó mọ́tò? Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni, bó bá wù mí. Ẹni tó ní láìsí owó mọ́tò wọn ò ní wá, ẹ bi í pé ìgbà mélòó ló ti san án kí wọ́n tó wá.

Ọ̀gbẹ́ni tó ní ojú ahun ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí, mo gbọ́ o. Ahun tó ní iná lórí sàn.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó là mí lójú. Wọ́n so mítà tèmi nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó kọ káàdì, wọ́n ní láti padà wá tún un ṣe. Sátidé kan báyìí ni wọ́n wá (mo ní wọ́n máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan). Àwọn méjì ni. Ọ̀kan gun àkàbà, ọ̀kan jókòó sí fàráńdà mi, ó ń mu píọ̀ wọ́tà, ó ń fi eyín gé ẹnu ike rẹ̀ tu sílẹ̀. Mo bi í tìbínú-tìbínú pé kí ló ń dùn yín nínú kí ẹ máa dá wa dúró.

Ó wò mí. Ó ní, "Màmá, àwa náà ń dúró." Ó ní àwọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná, ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe làwọn wà. Iye mítà tí àwọn bá so ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn, kì í ṣe iye ọjọ́. Bí àwọn bá dé ilé tí kò sẹ́nìkan, epo ti jó, owó ò wọlé. Nítorí náà, ó ní, bí àwọn bá máa so mítà márùn-ún lọ́la, èèyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá làwọn máa pè lónìí pé àwọn ń bọ̀. Àwọn mọ̀ pé ìdajì ò ní sí nílé.

Ó dákẹ́. Ó ju ike omi sínú garawa.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Bí mo ṣe gbé àga síwájú ilé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo wà lára àwọn tí wọ́n fi kún un kí iye lè pé. Wọ́n rí márùn-ún wọn kó tó kan Ẹ̀gbẹ́dá. Nítorí àwọn tí kì í sí nílé ni wọ́n ṣe ń pe àpèjù, nítorí àpèjù ni àwa tó jókòó ṣe ń jókòó lásán, nígbà tí a bá sì jókòó lásán tó ẹ̀ẹ̀mẹta, àwa náà á gba ibi iṣẹ́ lọ, a ó di àwọn tí kì í sí nílé. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ tán níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wa là ń tan ara wa.

Kò mú kí n dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n ó yí ohun tí mò ń bi wọ́n lórí fóònù padà. N kì í bi wọ́n mọ́ pé "ṣé ẹ máa wá?" Bẹ́ẹ̀ ni ni èsì rẹ̀ láéláé. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé: "Èmi ni ẹnì kelòó lórí ìwé yín lónìí? Ilé ta lẹ wà báyìí?" Ẹni tó bá ní òun wà lójú ọ̀nà, tí kò lè dárúkọ àdúgbò, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà.

* * *

Ẹnì kan láti Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé irú èyí ò lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé kó má fi ìlú òyìnbó wé wa. Ẹ rọra.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù náà, ilé ìtọ́jú arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun náà ń de àwọn tó ń wá so mítà, ó ń de àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fún un ní sáà, bíi láti aago mẹ́jọ sí méjìlá, kì í ṣe "ọ̀la" gbalasa. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù níbẹ̀, Ofcom, ti ní ètò kan fún àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ inú rẹ̀: bí òṣìṣẹ́ wọn ò bá wá, owó á wọ àkáǹtì oníbàárà láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni. Póùn 25 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Mo bi í bóyá póùn yẹn tó. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣíìfù wákàtí méjìlá ló fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn ò wá, wákàtí ni wọ́n sì fi ń sanwó fún un. Póùn 25 ò tó ìdajì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òyìnbó ti bọ́ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí póùn 25 ṣe kéré tó yẹn, àpò ẹni tí kò wá ló ti ń jáde. Níhìn-ín, àpò ẹni tó dúró ló ti ń jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan níbi iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lórí owó ìpè.

* * *

"Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá wà nílé ò ní wàhálà yìí." Ta ló kọ ìyẹn? Ẹ wá gbọ́ ti Ìbàdàn.

Ẹ rántí ọdún 2024, tí wọ́n ń pariwo pé kí gbogbo oní mítà káàdì tẹ kóòdù tuntun kó tó di ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá. Èyí tó fà á ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 ni irú mítà wọ̀nyí ti ń ka ìṣẹ́jú, àyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún òǹkà náà kún lọ́jọ́ yẹn. Ìṣẹ́jú mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún ó lé! Ẹni tí kò bá tẹ kóòdù méjì náà, onínọ́ńbà 20 kọ̀ọ̀kan, kó tó tẹ káàdì tó rà, mítà rẹ̀ ò ní gba káàdì mọ́.

Ìyá mi tó wà ní Ìbàdàn ò tẹ̀ ẹ́. Yúníìtì pọ̀ nínú mítà rẹ̀, gílóòbù méjì ló ń tàn. Oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀lé e ló tó ra káàdì, kò wọlé. Wọ́n ní kí ó dúró sílé, wọ́n ń bọ̀ wá wò ó. Màmá mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, dúró ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n bi í pé, "Màmá, nọ́ńbà àkáǹtì yín ńkọ́?" Ó ní òun ò ní àkáǹtì ní báńkì yẹn.

Inú ìpàdé ni mo wà ní Màríìnà, fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì. N ò gbé e. Ìgbà tí màá fi pè padà, wọ́n ti kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n ti lọ. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ.

Ìyá wà nílé, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, iná ò sí. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé wíwà nílé nìkan ò tó.

* * *

Ó yá, àbúrò mi, jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ rẹ.

Àkọ́kọ́, o ní oṣù tó kọjá lo sanwó. Òfin MAP, ìyẹn òfin àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè mítà, tí NERC ṣe lọ́dún 2018 ti sọ pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 lẹ́yìn owó ni kí wọ́n so mítà. Tìrẹ ti kọjá. Má pè wọ́n mọ́, kọ̀wé. Ìpè kì í ní ìrántí. Kọ ọ́ sí ímeèlì wọn, kí o kọ déètì tí o sanwó, nọ́ńbà rìsíìtì, àti ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ tí wọn ò wá. Bí wọ́n bá dákẹ́, ó ní ẹni tó ju wọ́n lọ. Òfin iná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa bójú tó iná tirẹ̀, NERC sì pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé kí ti Èkó bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀. Nítorí náà, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó ni kí o gbé ẹjọ́ rẹ lọ bá báyìí.

Èkejì, wá èèyàn kan. Kì í ṣe ọmọdé, kì í ṣe mègádì tó ń yí padà lóṣooṣù. Ẹni tó ń ta nǹkan níwájú ilé dára jù, nítorí kì í lọ ibì kan. Kọ nọ́ńbà àkáǹtì iná, orúkọ tó wà lórí ìwé àti nọ́ńbà fóònù rẹ gàdàgbà sórí páálí, fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí o ya fọ́tò rìsíìtì sórí fóònù ẹni náà. Sọ fún lándìlọ́ọ̀dù ṣáájú, torí àwọn kan máa ń lé wọn padà pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn. Kí ẹni náà má fọwọ́ sí ìwé kí iná tó tàn, kí kíípáàdì tó gba káàdì lójú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, òun náà sì ni kò sẹ́ni tó ń rántí.

Lííìfù rẹ, fi pamọ́. Bó bá tiẹ̀ di dandan kí o wà níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá pè láti àdúgbò rẹ ni kí o kúrò lọ́fíìsì. Mo mọ̀ pé láti Màríìnà dé Ìkòròdú kì í ṣe eré. Afárá Kẹta nìkan ju kìlómítà 11 lọ, ká má tíì sọ ti Kẹtu àti Mile 12. Wọ́n á ti ṣe tán kí o tó dé. Kò burú. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáà ti wà níbẹ̀.

Ẹni tó ní èmi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti sá lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ó hàn pé ìyàwó yín ló ń dè wọ́n fún yín.

* * *

Àbúrò wa ti padà wá jíṣẹ́, mo ní kí n gbé e síbí.

Ó ní òun kọ̀wé náà ní Mọ́ńdè. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá, láìpè é ṣáájú. Ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ilé wọn ló ṣí géètì, ó já nọ́ńbà lára páálí, ó kà á fún wọn bí ẹni ka ìwé mímọ́. Òun fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi fọ́tò tí ìyá náà yà ránṣẹ́ sí mi: mítà funfun lára ògiri, ó fì sí ọ̀tún díẹ̀, iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, sálúbàtà ìyá alákàrà sì yọ ní ìsàlẹ̀ fọ́tò.

Ó ní ìyá náà kọ̀, kò fọwọ́ síwèé, nítorí kíípáàdì ò tíì bá mítà sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ọmọ òun ti kìlọ̀ fún òun. Wọ́n ní kò burú, àwọn máa mú òmíràn wá lọ́la.

Mo bi í bóyá ó ti tọrọ àyè. Ó ní inú ọkọ̀ lòun wà, òun ti kọjá Mile 12.